Ibi tí Ìwọ́ Baba Mi Wà

Ìlà kẹsàn-án nínú fọ́ọ̀mù náà ni kálàmù baba mi ti dúró. Ó ti kọ orúkọ mi, ó ti kọ ọdún tí wọ́n bí mi, ó ti kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti jáde, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìkọ̀wé tó dọ́gba tó ń mú kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa máa wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn kọ lẹ́tà. Mo dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, mi ò lè jókòó. Mo rí i tó gbé kálàmù sún mọ́ ìwé, tó tún gbé e kúrò, tó tún gbé e sún mọ́ ọn, títí yíǹkì fi kán sórí tábìlì. Baba mi kì í jẹ́ kí yíǹkì kán. Ohun tí ìlà kẹsàn-án ń béèrè ni ibi tí wọ́n bí baba ọmọ tó fẹ́ gba sikọ́láṣíìpù.

"Ẹ kọ orúkọ ìlú wa, Bàbá," ni mo wí.

"Dákẹ́ ná."

Ó dé kálàmù rẹ̀, ó ká fọ́ọ̀mù náà sí méjì, ó fi í sínú Bíbélì, ó sì jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo Bíbélì náà bí ẹni pé fọ́ọ̀mù lè fò jáde nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n dáwọ́ gbígba fọ́ọ̀mù dúró.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo ti yege ìdánwò, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lókè Àríwá sì ti kọ̀wé pé kí n wá kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Akọ̀wé ni baba mi ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe ọ̀nà. Àwa ọmọ márùn-ún la wà nílé wa ní Crusher, ní Lọ́kọ́ja, èmi ni àkọ́bí, owó oṣù rẹ̀ kò sì lè rán mi dé ibì kankan. Sikọ́láṣíìpù ìjọba ẹkùn Àríwá wa nìkan ni ọ̀nà tó wà. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tó bá ti yege tó sì ń gbé nínú ẹkùn lè béèrè fún un. Lọ́dún tèmi gan-an ni àwọn aṣòfin jókòó tí wọ́n fi ààlà sí i. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba owó náà àfi ọmọ tí wọ́n bí baba rẹ̀ sínú ẹkùn. Bí baba kò bá ní ìwé ọjọ́ ìbí, èwo nínú àwọn baba wa ló sì ní, kó mú àgbàlagbà kan tó mọ̀ nípa ìbí rẹ̀ wá síwájú ọ̀gá ọ́fíìsì, kí ẹni náà wá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí.

Wọ́n lẹ òfin náà mọ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba, lókè Paparanda. Mo kà á látòkè dé ìsàlẹ̀, mo sì gbà pé òfin tó dáa ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Inú mi dùn sí òfin yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà fún ọdún márùn-ún. Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún ni baba rẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá, kò sì padà mọ́. Ọmọ yìí gbọ́ Núpé, ó gbọ́ Haúsá, ó gbọ́ Ígálà, Yorùbá rẹ̀ sì gún ju tèmi lọ, torí pé èmi máa ń po ti Yàgbà mọ́ ọn. Òun ló máa ń gba ipò kìíní nínú ìṣirò, èmi a tẹ̀ lé e. Nígbà tó lọ gba fọ́ọ̀mù, akọ̀wé bi í pé níbo ni wọ́n bí baba rẹ̀. Ó sọ òtítọ́. Wọn kò fún un ní fọ́ọ̀mù rárá. Ó wá sílé wa lọ́jọ́ náà, ó sọ fún mi, mo ní "pẹ̀lẹ́", mo tún ní "pẹ̀lẹ́". Nínú mi lọ́hùn-ún, mò ń rò ó pé ẹnì kan ti kúrò níwájú mi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Wàyí o, kí ló dá kálàmù baba mi dúró? Yàgbà ni ìlú wa. Ibẹ̀ ni ilé baba baba mi wà, ibẹ̀ ni oko wa wà, ibẹ̀ la ti ń ṣe Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa máa ń lọ ṣiṣẹ́ kòkó ní ìhà Ìjẹ̀ṣà. Tọkọtaya a lọ, wọn a lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta nínú abà, wọn a padà wálé. Nínú irú abà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí baba mi sí, láàárín igi kòkó, ní òdìkejì ààlà táwọn aṣòfin wá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. A kì í sọ ọ̀rọ̀ abà yẹn nílé wa. A kò fi pamọ́, kò kàn já mọ́ nǹkan kan lójú wa ni. Ní ìdílé wa, ibi tí ìwọ́ ọmọ bá wà ni ibi tí wọ́n bí i. Bí okùn ìdodo bá gbẹ tó já lára ọmọ, wọn a sin ín sẹ́yìn ilé baba rẹ̀, wọn a sì gbin obì lé e lórí. Bí ìyá bá bímọ sí ìdálẹ̀, á wé ìwọ́ náà sínú òwú, á gbé e padà wálé. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni nínú wa pé níbo ni wọ́n bí i, ìdí igi rẹ̀ ló máa nàka sí.

Ìyá mi kò tiẹ̀ rí ohun tó ṣòro nínú ọ̀rọ̀ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bí baba mi ṣe dé láti ibi iṣẹ́, kò jẹ́ kó bọ́ bàtà tán.

"Níbo ni ìwọ́ yín wà?"

"O mọ ibi tó wà."

"Ẹ kọ ibẹ̀ sí i, kó parí."

"Ìwé yìí kò béèrè ìwọ́," ni baba mi wí.

Ẹ ní láti mọ irú ẹni tí baba mi jẹ́. Ọjọ́ Sátidé kan, ó ti délé, ó ti jẹun, ó fọwọ́ kan etí, ó bá pẹ́ńsù ọ́fíìsì níbẹ̀, ó ti fi há etí wálé láìmọ̀. Ó dìde, ó wọ bàtà, ó rìn padà lọ nínú oòrùn Lọ́kọ́ja, oòrùn tí ewúrẹ́ pàápàá ń sá fún, ó lọ fún ọlọ́dẹ ní pẹ́ńsù náà kó bá a fi sórí tábìlì. Òun ló ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, á dúró, á ní "ẹ dárí jì mí", á tún un kà. Àwa ọmọ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún yẹn mi ò rí i bí ohun yẹ̀yẹ́ mọ́.

Mi ò ní sùúrù láti kékeré, ọdún yẹn ló wá burú jù. Ooru mú débi pé páànù orí ilé ń dún ṣáṣá lọ́sàn-án. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n, bí mo bá dìde, mi ò ní mọ ohun tí mo dìde ṣe. Mo ń rìn láti Crusher lọ sí Paparanda láti tún òfin tí mo ti mọ̀ sórí kà. Láti ibẹ̀ mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, mo ń wo ọkọ̀ tó ń já ẹ̀pà, mo tún ń gòkè wá sílé kí ìyá mi tó béèrè mi. Mo jẹ́ kí ẹ̀wà jóná lẹ́ẹ̀mejì. Mo na àbúrò mi ọkùnrin nítorí pé ó ń súfèé. Lójoojúmọ́, tí baba mi bá ti jáde, mo ń ṣí Bíbélì rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ Ajé, inú Sáàmù ni fọ́ọ̀mù náà wà. Ní Ọjọ́rú, ó ti dé Jeremáyà. Mo mọ̀ nígbà náà pé òun náà ń mú un jáde wò, ìyẹn ni pé òun náà kò rí ìsinmi.

Lọ́jọ́ kẹjọ, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó pè mí. Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì. Ó ti kọ orúkọ ìlú wa sí ìlà kẹsàn-án.

"Ibẹ̀ ni ìwọ́ mi wà," ó wí. "Ibẹ̀ ni mo ti ń san owó orí. Bí mo bá kú, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé mi lọ. Mi ò parọ́."

Kò wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀, ìyá mi sì rẹ́rìn-ín títí.

Ẹlẹ́rìí ló kù. Nínú gbogbo àwọn tó mọ̀ nípa ìbí baba mi, ìyá tó bí i nìkan ló ṣì wà láyé. Màmá Àgbà là ń pè é. Baba mi ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ awakọ̀ lọ́rì tó ń ná ọ̀nà Kàbà, lọ́jọ́ kẹrin ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì pẹ̀lú iṣu mẹ́fà, adìẹ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, àti eruku pupa láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo sáré lọ bá a, mo kí i ní ti Yàgbà.

"Okun o, Màmá."

"Okun, ọmọ mi, okun o."

Awakọ̀ náà ń nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Your mama get tori o. From Kabba reach here, she no gree make anybody sleep." Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó yẹ kí n ti fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

A kò tíì dé ilé tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, bí wọ́n bá bi yín pé níbo lẹ bí Bàbá sí, ẹ ní ìlú wa."

"Ibẹ̀ náà ni."

"Ẹ má dárúkọ abà o."

"Kí ló kan abà nínú rẹ̀?"

Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ìdáhùn tó pé ni, láti inú ọkàn rẹ̀ ló sì ti wá. Ọkàn mi balẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà àníyàn mi tún bẹ̀rẹ̀. Mo bi í nígbà tó ń jẹun. Mo bi í nígbà tó ń fọ ẹnu láàárọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, mo bi í nígbà tó ń wẹ̀. Mo di ọ̀gá ọ́fíìsì, mo fi ohùn ńlá béèrè, "Màmá, níbo lo bí ọmọ rẹ sí?", òun a dáhùn, èmi a ní kó tún un sọ. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé ọmọ ọlọ tó fi ń lọ ata sílẹ̀, ó sì wò mí dáadáa.

"Ọmọ yìí, ṣé abà yẹn ń tì ọ́ lójú ni?"

"Rárá o, Màmá."

"Mi ò jalè níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo bí baba rẹ níbẹ̀, àwọn ọkùnrin ti lọ sóko, kò sí obìnrin kankan nítòsí. Fúnra mi ni mo gé ìwọ́ rẹ̀."

Mi ò gbọ́ ìyẹn rí. Baba mi pàápàá, tó ń ka ìwé lórí àga, gbé ojú sókè. Màmá Àgbà padà sídìí ata rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò yá mọ́, ó ń ronú. Ohun tó ti sùn nínú rẹ̀ láti bí ogójì ọdún ó lé, èmi ni mo jí i.

"Wàdùwàdù rẹ yìí ló máa ba nǹkan jẹ́ fún ọ," ni ìyá mi wí fún mi nínú ilé ìdáná. "Fi ìyá arúgbó lọ́rùn sílẹ̀."

Lọ́jọ́ ẹ̀rí, àwa mẹ́ta la lọ: baba mi nínú kóòtù dúdú tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá Àgbà nínú aṣọ òfì rẹ̀, àti èmi, tí mi ò sùn, tí mi ò jẹun. Òkè Àríwá pátápátá ni ọ̀gá ọ́fíìsì ti wá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú kaftani funfun. Nígbà tí Màmá Àgbà wọlé, ó dìde dúró fún un, ó ní "Sannu, Mama", ó sì fa àga fún un fúnra rẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá. Ọkùnrin Ọ̀wọ́rọ̀ kan tó jẹ́ mẹ́séńjà níbẹ̀, tó wọ kakí, ló ń ṣe ògbufọ̀. Ó ti kí Màmá Àgbà ní "okun" lẹ́nu ọ̀nà, Màmá Àgbà sì ti fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀gá béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ògbufọ̀ yí i sí Yorùbá: "Màmá, wọ́n ní níbo lẹ bí ọmọ yín yìí sí."

"Ìlú wa," ni Màmá Àgbà wí. "Ìdí igi obì tó wà lẹ́yìn ilé."

Ògbufọ̀ sọ ọ́. Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀. Ó mú òǹtẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sínú yíǹkì rẹ̀, ó sì dúró. Ó ń wo fọ́ọ̀mù náà. Ó yí i sí ojú kejì, ó tún yí i padà. Mo rò pé kò gbà á gbọ́, mo rò pé igi obì tí Màmá Àgbà dárúkọ ti mú kó ṣiyè méjì. Lónìí mo mọ̀ pé ibi tó yẹ kó tẹ òǹtẹ̀ sí ló kàn ń wá. Bí mo bá lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, ayé mi ì bá gba ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́.

"Màmá," mo wí, "ẹ sọ ti ìwọ́ fún wọn."

Ojú Màmá Àgbà tàn. Ó tún ìjókòó ṣe, ó kọjú sí ọkùnrin Ọ̀wọ́rọ̀ náà bí ẹni tó ti rí ọmọ ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ bí òjò ṣe ń rọ̀ lórí ewé kòkó lọ́jọ́ náà. Ó sọ bí ó ṣe di igi abà mú, tó ń pe ọkọ rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó sọ bí ìwọ́ ṣe já lọ́jọ́ kẹfà, tí ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n sin ín síbẹ̀, oko kòkó náà dáa, tí òun sì ní ọmọ òun kò ní di ará ibi tí wọn kò mọ orúkọ baba rẹ̀. Ó wé e sínú òwú, ó fi í sínú ìgò kékeré, ó so ìgò náà mọ́ ìdí. Nígbà tí ara rẹ̀ le díẹ̀, ó pọn ọmọ, ó sì rìn wálé, ọjọ́ mẹ́fà gbáko, ó gba ilẹ̀ Èkìtì kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń sùn sí ìta ilé àwọn ẹni ẹlẹ́ni. "Láti abà kòkó wọn lọ́hùn-ún," ó wí, "títí dé ẹ̀yìn ilé wa, mo fọwọ́ mi gbẹ́ ilẹ̀, mo gbé e sí i." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú kí wọ́n rí i. Mi ò rí i tó yangàn bẹ́ẹ̀ rí.

 Ògbufọ̀ náà wò mí, ó wo baba mi, ó wo ilẹ̀. Ó mọ òfin náà, torí pé òun ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Ó sì yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìdákúrekú: ìyá yìí ní inú ilé ọkọ òun nílùú wọn lòun bí ọmọ sí, lẹ́yìn ilé náà lòun sì sin ìwọ́ rẹ̀ sí.

Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fẹ́ràn ọkùnrin yẹn ní ìṣẹ́jú náà. Ọ̀gá náà mi orí, ó gbé òǹtẹ̀ sókè.

Baba mi wúkọ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ṣi Bíbélì kà.

"Ìyá mi kò sọ bẹ́ẹ̀, sà," ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ó dìde dúró, ó sì tú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òjò, ewé kòkó, ìgò, ọjọ́ mẹ́fà, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo fa kóòtù rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kò dúró. Ọ̀gá gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì gbé òǹtẹ̀ padà sórí yíǹkì rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ orúkọ ìlú sí ibí," ó wí.

"Ibẹ̀ ni mo ka ara mi sí, sà. Èyí tí mo kọ, èmi ni mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó kí wọ́n fi ohun tí ìyá mi kò sọ sí i lẹ́nu."

Ọ̀gá náà kò bínú. Ó ṣí ìwé òfin, ó ka ìlà náà sétígbọ̀ọ́ wa, ó ní òfin kò mọ ìwọ́, ibi tí ọmọ ti jáde wá sáyé ló mọ̀. Ó fa ìlà kan gba orí fọ́ọ̀mù mi láti igun kan dé ìkejì. Ó lè fi ẹjọ́ baba mi sùn níbi iṣẹ́ nítorí ohun tó kọ, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí ògbufọ̀ bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, pé ọ̀nà tó rìn jìn púpọ̀. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì yẹn kọjá lórí Màmá Àgbà, ọpẹ́ yìí nìkan ló gbọ́. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò tópẹ́.

Mo ń lọ níwájú wọn nígbà tí a ń padà sílé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Mo kórìíra baba mi, mo kórìíra Bíbélì rẹ̀ àti pẹ́ńsù rẹ̀, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo la ẹnu tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ìyẹn ló sì dun mi jù. Ní Paparanda, ọ̀rẹ́ mi tí wọn kò fún ní fọ́ọ̀mù jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ, iṣẹ́ tó ti ń kọ́ láti oṣù náà. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí Màmá Àgbà.

"O mọ ọmọ mi yìí?" ni Màmá Àgbà wí fún un. "Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń lọ. Èmi ni mo lọ jẹ́rìí fún un."

Ọ̀rẹ́ mi wo ojú mi. Ó ti rí òtítọ́ níbẹ̀.

"Ẹ kú oríire, Màmá," ó wí, ó sì padà jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Nígbà tí a délé, Màmá Àgbà mu omi, ó na ẹsẹ̀, ó sì wo èmi àti baba mi.

"Ṣé mo sọ ọ́ dáadáa?"

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín mi, pé òun àti ọmọ rẹ̀ ti dí mi lọ́nà. Baba mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ sọ ọ́ dáadáa, Màmá."

"Wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á."

"Ọmọ ń lọ?"

"Ó ń lọ, Màmá," ni baba mi wí, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ.

Mo dúró láàárín ilé. Ọkùnrin tó rin oòrùn Lọ́kọ́ja nítorí pẹ́ńsù, tí kò lè fún mi ní irọ́ kan ṣoṣo níwájú ìjọba, ó ti pa mẹ́ta léra wọn láìwúkọ́. Inú bí mi débi pé mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Màmá Àgbà padà sí Yàgbà, ó sì ròyìn kọ́lẹ́ẹ̀jì mi fún gbogbo ìlú. Èmi gba iṣẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Lọ́kọ́ja, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìròpọ̀, ọdún púpọ̀ ló sì kọjá kí n tó fi owó ara mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ní Kérésìmesì ọdún náà, a lọ sílé. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi mí sílẹ̀ sí Lọ́kọ́ja, baba mi kò gbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Màmá Àgbà gbé àpótí sábẹ́ igi obì lẹ́yìn ilé, ó ní kí n wá jókòó. Ara rẹ̀ ti fà púpọ̀. Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e kò bá a láyé. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ó ń wá àmì ìwé ńlá lára rẹ̀.

"Báwo ni òtútù òkè Àríwá?" ó bi mí. "Wọ́n ní ó máa ń mú níbẹ̀."

Baba mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, ó gbé ọwọ́ lé e. Mo gbójú sókè wò ó. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí i kó bẹ ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí.

"Ó ń mú púpọ̀, Màmá," ni mo wí. "Aṣọ méjì ni mo ń dà bora."